Ogún Náírà Tó Di Ogún

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó bébà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó jọ. Kódà, owó tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ibẹ̀ tẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé 1861 sí 1865, tó di bébà lásán nígbà tí wọ́n pàdánù ogun, dọ́là gidi ni wọ́n ń fi rà á lónìí. Apá mi ò ká ìyẹn. Náírà àtijọ́ lèmi ń kó jọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ogún náírà tó jáde ní 1977, owó bébà wa àkọ́kọ́ tó ní àwòrán ọmọ Nàìjíríà: Murtala Mohammed. Ìyá bàbá mi ló fún mi. Púpurú ló ń tà ní Àyèká, abẹ́ aṣọ nínú àpótí ló sì ń kó èrè sí. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fún aráàlú láti dá ti àtijọ́ padà. Ìyá tò ní báńkì fún ọjọ́ méjì, kò kàn wọ́n. Báyìí lowó kú sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé èló ni mo lè tà á. Mi ò tà. Kóòdù ni mo fi ń jẹun. Mo mọ bí iye owó inú áàpù ṣe ń yí padà láìfi àpá sílẹ̀. Bébà tèmi ṣì ní ìlà ibi tí ìyá ká a sí mẹ́rin.

Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí àwọn àgbà yín, kí wọ́n tó fi dáná.