Ọ̀bẹ àti Àkọ̀

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ ni a ti tọ́ mi dàgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ se àgbébọ̀ adìẹ tí ó ti gbó, wọn a fi ewé ìbẹ́pẹ wé ẹran náà kí wọn tó gbé e kaná. Bí ó ti wù kí ó yi tó, yóò rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé a lè gé ẹran láìfi irin kàn án.

Ní ọjọ́ kan, eéwo mú mi ní itan. Mo fẹ́ fún un, ìyá àgbà sì gbá mi lọ́wọ́: "Àkànní, fi í sílẹ̀ kí ó pọ́n! Bí o bá fún un ní tútù, inú ni yóò padà sí." Nígbà tí ó tú fúnra rẹ̀, mo nu ọyún náà dànù bí ìdọ̀tí. N kò mọ̀ pé òkú àwọn ọmọ ogun mi ni.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n, láti ìgbà èwe sì ni wọ́n ti ń mu sìgá. Mo bá wọn tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Èdè òyìnbó ni dókítà fi sọ pé emphysema ni, bàbá mi sì ń mi orí. Nígbà tí a délé, wọ́n ní, "Akọ̀wé, kí ni ó ní ó ń ṣe mí?" Èmi tí mò ń kọ́ èdè ní yunifásítì, mo ya odi.

Mo padà sí ilé ìwé, mo sì lọ kàwé. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní neutrophil. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń dá a, kí ó sì tó jáde níbẹ̀ ni a ti kó ọ̀bẹ sí i lápò. Ọ̀bẹ wọ̀nyí ni ẹ́ńsáìmù tí ń gé purotéènì: elastase, cathepsin G àti proteinase 3. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, neutrophil a gbé e mì, a sì tú ọ̀bẹ lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí ogun bá gbóná, ọ̀bẹ a máa bọ́ síta, kì í sì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí onílé.

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ láìní àkọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe èròjà kan, alpha-1 antitrypsin, tí ń di elastase mú. Ní 1963, Laurell àti Eriksson ní Sweden kéde ènìyàn 5 tí èròjà yìí ṣaláìtó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn; ẹ̀dọ̀fóró 3 nínú wọn ti bàjẹ́. Ní 1965, Paul Gross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé àwọn fi papain sínú ẹ̀dọ̀fóró eku, emphysema sì mú un. Kí ni papain? Ẹ́ńsáìmù inú oje ìbẹ́pẹ ni, èyí tí ń rọ ẹran ìyá àgbà!

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: "Bàbá, tótó ó ṣe bí òwe o: ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."

"O ó rí òmíràn pa. Ta ni ọ̀bẹ?"

Mo sọ fún wọn pé ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó ni ọ̀bẹ. Pé èéfín sìgá ń pe ọmọ ogun jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tún ń ba àkọ̀ jẹ́. Pé fọ́nrán tí ń nà bí rọ́bà níbẹ̀, tí ń jẹ́ kí èémí jáde, ni ọ̀bẹ náà ń gé.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. "Èyí tí ó ti gé ńkọ́?"

"Kò ní padà bọ̀ sípò mọ́, Bàbá. Èyí tí ó kù ni a lè dáàbò bò."

Wọ́n na páálí sìgá ọwọ́ wọn sí mi. Bóyá wọ́n ra òmíràn lẹ́yìn tí mo lọ, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n ọdún 3 ni mo ti ń kọ́ èdè. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi èdè ṣiṣẹ́ fún bàbá tí ó bí mi.