Dick Tiger, Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò

Láyé àtijọ́, ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà dé Láláúpọ̀n, àti láti Ẹgbẹ́dá dé Akanran, ìjàkadì jẹ́ eré pàtàkì fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Nígbà tí wọ́n bá ti oko dé, tí wọ́n jẹun tán, tí òṣùpá sì yọ, wọn a péjọ sí ìta gbangba, ẹni méjì a sì bọ́ sáàárín agbo. Ẹni tí a bá dá a dìde, a gbọn eruku ara rẹ̀ nù, a sì tún wá ẹlòmíràn bá jà. Kò sí ẹni tí í fi í ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ó ṣubú. Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń sunkún ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1963, ọkùnrin kan tí ó mọ ẹ̀kọ́ yìí dájú dúró ní àárín agbo tí ó tóbi ju ti abúlé lọ. Inú pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ni agbo náà wà, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni ìjà náà, adé gbogbo ayé ni wọ́n sì ń jà sí. Dick Tiger ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ọmọ Ìgbò ni. Ìlú Amaigbo ni a ti bí i ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún ọdún 1929. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ sí Aba, ó ń ṣòwò kéékèèké níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ bí a ti í kan ẹ̀ṣẹ́. Kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n igẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, apá rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì múlẹ̀. Ní ọdún 1952 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gba owó. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn láàárín àwọn akànṣẹ́ ilẹ̀ wa, ó sì di ẹni tí ó ń wá ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé gbòòrò sí i.

Ní ìparí ọdún 1955 ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òtútù mú un níbẹ̀ gidigidi. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà ní ilẹ̀ náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Owó tí ó ń rí kò tó ná, nítorí náà ó lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀dà. Ní ọ̀sán, a wà nídìí ọ̀dà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a lọ máa fi ẹ̀ṣẹ́ kọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Àgbẹ̀ tí ó kọ ebè ní ọdún kan tí iṣu rẹ̀ kò ta, kò ní jù ọkọ́ nù nítorí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọdún kejì, tí ó di ẹ̀kẹta, tí ó di ẹ̀kẹrin, mélòó ni yóò tún gbé ọkọ́ ní ọdún karùn-ún? Dick Tiger jìnnà sí ilé, kò ní ẹbí nítòsí, bí ó bá sì padà sí Aba, ọjà rẹ̀ ń dúró dè é. Síbẹ̀ kò padà. Ó gbà pé ẹ̀ṣẹ́ òun kò tíì pé ni, ó sì tún un kọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní ọdún 1957 ó na Terry Downes ní London, ẹni tí ó wá gba adé ayé ní ọdún 1961. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1958, ní Liverpool kan náà tí ojú ti tì í, ó lu Pat McAteer dákú ní ìpele kẹsàn-án, ó sì gba adé gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1959 ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ń wá ni Gene Fullmer, ará Utah, alágbára ọkùnrin tí ó ti na Sugar Ray Robinson rí. Wọ́n pàdé ní San Francisco ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1962. Wọ́n jà fún ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Tiger sì ṣẹ́gun. Ó di ọba àwọn akànṣẹ́ tí ìwọ̀n ara wọn kò ju 160 pọ́ùn lọ. Fullmer ní òun kò gbà; wọ́n tún jà ní Las Vegas ní oṣù Èrèlé ọdún 1963, wọ́n sì ta ọ̀mì. Ìjà kẹta ni yóò fi ẹni tí ó lágbára jù hàn, Ìbàdàn ni a sì mú un wá.

Nígbà náà, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ìbàdàn ni olú ìlú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, pápá Liberty sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán ni, nítorí ọdún 1960 ni a ṣí i. A kò tíì jà sí adé ẹ̀ṣẹ́ gbogbo ayé rí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ní Áfíríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò sí ọ̀rọ̀ pé ọmọ Ìgbò ni tàbí ọmọ Yorùbá: ọmọ wa ni Tiger. Kò sáré kiri, kò sì sá sẹ́yìn. Ńṣe ni ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ń rìn lọ bá Fullmer, ó ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ òsì àti ti ọ̀tún lé e lórí. Nígbà tí ìpele keje parí, Fullmer lọ jókòó ní igun rẹ̀. Nígbà tí ó kan ìpele kẹjọ, kò dìde mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Fullmer kò tún ja ìjà kankan mọ́ títí ó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, Joey Giardello gba adé lórí Tiger ní Atlantic City. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí Giardello tó gbà láti tún bá a jà. Tiger dúró, ó ń múra sílẹ̀, ó sì gba adé rẹ̀ padà ní New York ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965. Emile Griffith tún gbà á ní ọdún 1966. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó tán fún un, nítorí ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Kàkà kí ó sinmi, àwọn tí wọ́n tẹ̀wọ̀n jù ú lọ ni ó lọ bá. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ó na José Torres, ó sì di ọba àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju 175 pọ́ùn lọ.

Ní ọdún 1967 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó hó yèè fún un ní Ìbàdàn pín sí méjì, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wà ní apá kan. Ó dúró ti Biafra. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun wọn bí wọn yóò ti mú ara le, ó sì ń lọ jà ní Amẹ́ríkà láti fi bọ́ aya àti ọmọ. Ogun náà gba ọ̀pọ̀ nínú dúkìá rẹ̀. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1968, Bob Foster lù ú dákú ní ìpele kẹrin, ó sì gba adé rẹ̀. Nínú gbogbo ìjà tí ó jà láyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n lù ú dákú. Ní ọdún 1969 ó dá oyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi bu ọlá fún un padà, nítorí pé wọ́n ń ran ìjọba Nàìjíríà lọ́wọ́ nínú ogun náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà pé ohun tí ó ṣe tọ́ tàbí kò tọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó fi ọkàn rẹ̀ pamọ́.

Ìjà rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti ọdún 1970. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí ó ti jẹ ọba lẹ́ẹ̀mẹta di ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Kò tijú iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí kò ti tijú iṣẹ́ ọ̀dà ní Liverpool. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ó padà sí Aba, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1971, ní ẹni ọdún méjìlélógójì.

Ìjà 82 ni Dick Tiger jà. Ó ṣẹ́gun nínú 60, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ nínú 19, ó sì ta ọ̀mì nínú 3. Ní ọdún 1991 a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà mọ́ ti àwọn akànṣẹ́ tí ayé kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Pápá Liberty ṣì wà ní Ìbàdàn. Láti ọdún 2010 ni a ti ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kọjá níbẹ̀, kí ó rántí pé ọkùnrin tí ó fìdí Fullmer mọ́ àga níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra ní ìlú àjèjì. Kí ó sì rántí alẹ́ kan ní ọdún 1963 tí gbogbo wa ní ọmọ kan ṣoṣo, kí ó lè mọ iye ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ wa.