Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Lé Ọmọ

Àṣà kan wà láàárín wa tó yẹ ká bá ara wa sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ohun tí kò lẹ́nu bá bàjẹ́, ẹni tó kéré jù nínú ilé la máa ń gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bí rédíò bá dákẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ló fọwọ́ kàn án. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò ṣíná, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ṣe é. "Ṣebí òun ló wà nídìí ẹ̀ láàárọ̀?" Ẹjọ́ ti parí nìyẹn, a kò sì tí ì ṣí ẹ̀rọ náà wò. Kọ̀ǹpútà tó dé yìí kò mú àṣà náà kúrò. Ńṣe ló bù kún un, nítorí pé àwọn tó mọ inú rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó sì fi owó wọn rà á kì í ní sùúrù.

Àdúgbò Ṣàngó ni mò ń gbé ní Ìlọrin, níhà ojú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kò wọ́n wa: àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ń ya fọ́tò pélébé, àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Láti ọdún 2015 tí JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, òwò mìíràn tún kún un, ìyẹn ibi tí ọmọ ti lè dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Alájì kan tó jẹ́ aládùúgbò mi ní irú rẹ̀. Ogún kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, wáyà ló sì so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ihò mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n ń pè ní switch. Kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná lára ògiri o.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí switch ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti akọ̀wé tó ń pín lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ti fi sí i láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Switch á máa kíyè sí ihò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ń sọ̀rọ̀, bí iṣẹ́ bá sì dé, ihò ẹni tó ni ín nìkan ló ń fi í ránṣẹ́ sí. Wáyà tó ń gbé iṣẹ́ náà, wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ ní méjìméjì bí okùn. Lílọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Alexander Graham Bell tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1881, nítorí pé bí wáyà méjì bá lọ́ mọ́ra, ariwo iná tó wà nítòsí kì í tètè da ọ̀rọ̀ wọn rú. Ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, tí wọ́n ń pè ní Ethernet, Robert Metcalfe ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973.

Ní Sátidé kan, nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọmọ kún ṣọ́ọ̀bù Alájì fọ́fọ́, gbogbo kọ̀ǹpútà náà dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wà níbẹ̀, mo wá tẹ ìwé ni. Alájì pa switch, ó tún un tàn. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún kú. Ó pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀nà tiwọn. Ó ní irọ́ ni. Ó rán wa létí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ tí àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ létíkun Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, tí iṣẹ́ báńkì pàápàá dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi ní Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń bá íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí okùn ẹ̀bi kò gùn dé òkun, orí ọmọ iṣẹ́ ló padà sí. Ọmọkùnrin náà ti lo ọdún méjì ó lé lọ́dọ̀ Alájì, oṣù mẹ́rin ló kù kó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Òun ló gbálẹ̀ láàárọ̀. Alájì ní ó ti fi ìgbálẹ̀ gbá switch lulẹ̀, pé ó ti jó. "Kó ẹrù ẹ! Lọ pe ìyá ẹ wá, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ san án." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìyá rẹ̀, ẹ̀kọ tútù ló ń tà tó fi ń sanwó iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ náà bá lọ lọ́jọ́ yẹn, ọdún méjì ti ṣòfò, orúkọ burúkú á sì máa tẹ̀ lé e ká gbogbo Ṣàngó, pé òun ló ba ẹ̀rọ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́.

Àwa àgbà tó wà níbẹ̀ bẹ Alájì pé kó jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wò ó ná. Ọmọbìnrin kan ló wá láti Kúlẹ́ńdé, iṣẹ́ wáyà kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun. Ó kúnlẹ̀ kí Alájì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gbogbo ẹ̀ ni àbí ẹyọ kan?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Kí ló yí padà láti alẹ́ àná?"

Alájì ní kò sóhun tó yí padà. Ọmọbìnrin náà yíjú sí ọmọ iṣẹ́: "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

Ọmọ náà nu ojú. Ó ní wáyà kan wà tí oníbàárà kan yọ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lálẹ́ àná, tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí òun ń gbálẹ̀. Òun kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí òun fi ra omi dé, kò sí nílẹ̀ mọ́. Láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bi í.

Ọmọbìnrin náà ní ká wo àwọn iná wínníwínní ara switch. Bí ara rẹ̀ bá dá, oníkálukú wọn á máa ṣẹ́jú nígbà tirẹ̀. Tọjọ́ náà, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú pọ̀ kíákíákíá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yọ ti ihò kẹtàdínlógún, gbogbo iná náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó tọ wáyà náà gba ẹ̀yìn tábìlì lọ, ó tọ̀ ọ́ padà, ó sì bá orí rẹ̀ kejì nínú ihò mìíràn lára switch kan náà.

Alájì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: "Èmi ni mo kì í bọ ibẹ̀. Mo rí i nílẹ̀, mo ní kó má lọ gbé ẹnikẹ́ni ṣubú."

Kí ló dé tí wáyà kan ṣoṣo fi dá ogún kọ̀ǹpútà dúró? Iṣẹ́ kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń rán sí gbogbo ará ilé lápapọ̀, bí ìgbà tí akéde bá ń ké. Switch á jù ú sí gbogbo ihò, àfi èyí tó gbà wọlé. Èyí tó bá gba orí wáyà yẹn jáde á gba orí kejì wọlé padà, switch á rò pé iṣẹ́ tuntun ni, á tún pín in. Kò lópin. Kò ní pẹ́ tí ariwo á fi dí gbogbo ọ̀nà pa. Láti 1985 ni Radia Perlman, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ti wá ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi lè mọ̀ pé ọ̀nà ti yípo, kó sì dí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ switch kékeré olówó pọ́ọ́kú ni kò ní ọgbọ́n náà nínú.

Kọ̀ǹpútà kan ṣẹ́kù tí kò jí. Ọmọbìnrin náà kò ní ó ti bàjẹ́. Ó yọ wáyà lára èyí tó ń ṣiṣẹ́, ó kì í bọ̀ ọ́, ló bá jí. Wáyà àkọ́kọ́ ló jẹ̀bi. Ó fi ẹ̀rọ oníná mẹ́jọ yẹ̀ ẹ́ wò, iná kẹta kò tàn: eku ti jẹ ẹ́.

Mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá máa wúlò fún. Bí iná ihò kò bá tàn rárá, ọ̀rọ̀ wáyà tàbí ti iná mànàmáná ni ẹ kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò, ẹ má tí ì pe ẹnikẹ́ni. Bó bá tàn tí kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀nà, ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀. Bí 169.254 bá ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ti béèrè àdírẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ lọ wo router. Bó bá rí router tí kò rí ìta, ìgbà náà ni kí ẹ tó pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà kan kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú, tí wọ́n ń tà bí ojúlówó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nǹkan kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn.

Alájì ra oúnjẹ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé oúnjẹ kò tó, pé ẹ̀bi tí a gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn ní gbangba, gbangba ló yẹ ká ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà wá ní Ọjọ́rú, Alájì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ náà ti ṣe fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ṣọ́ọ̀bù kan lọ. Ní 2025, nígbà tí èsì JAMB jáde, àwọn tí kò gba tó 200 nínú 400 ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Kíá la ti dájọ́: ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé, fóònù ti gbà wọ́n lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan kò dé orí kọ̀ǹpútà àgbà tó ń bójú tó ìdánwò láwọn ibùdó 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ló kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin rí, sunkún níwájú gbogbo ayé, ó tọrọ àforíjì, ó sì gba ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀. Wọ́n tún ìdánwò ṣe fún àwọn ọmọ náà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba máàkì kékeré ni ẹ̀rọ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tó ti pè wọ́n ní ọ̀lẹ kò dúró bi ẹ̀rọ kí a tó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ní ọmọ lọ́dọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nílé, bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ lọ́la, ẹ bi ọmọ náà ní ohun tó rí kí ẹ tó sọ ohun tó ṣe. Wáyà kì í bínú bí a bá kọ́kọ́ fura sí i. Ọmọ ènìyàn kì í tètè gbàgbé.