Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Nígbà tí Bàbá àgbà jáde láyé, èmi ni ẹbí ní kí n ṣe ìwé ètò ìsìnkú wọn, torí pé èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò jù nínú ilé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàbá àgbà fi jẹun ní Abẹ́òkúta, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, mo fẹ́ fọ́ǹtì tí yóò jọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí mo fi rí ọ̀kan tó dà bí lẹ́tà onígi àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì dà bí ẹni pé tàdáwà kò mú etí rẹ̀ dáadáa. Irú rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń ṣe wọ́n a máa wo ìwé àtijọ́, wọn a sì fi kọ̀ǹpútà ya lẹ́tà inú rẹ̀ lọ́tun. Bẹ́ẹ̀ ni Carol Twombly ṣe ní Amẹ́ríkà: ojú ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà William Caslon, ará London ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló wò tó fi ṣe Adobe Caslon ní 1990.

Mo tẹ orúkọ Bàbá àgbà. Wàhálà dé! Gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ló di àpótí kékeré òfìfo. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a óò gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bàbá mi ní, "Yọ àwọn àmì yẹn kúrò. Ta ni kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

Mo yọ wọ́n. Ojú ìwé náà rẹwà. Mo gbé e lọ fún Màmá àgbà. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ń rọra kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ ìdágbére tiwọn, wọ́n dákẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni "Ọkọ mi, ó dìgbà." Ohun tó wà níwájú wọn ni "Oko mi, o digba."

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé oko ni mo pàdánù ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú wọn. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Bí lẹ́tà alámì bá tán nínú àpótí Bàbá àgbà, wọn a tẹ ìwé náà tán, wọn a sì jókòó fi kálámù sàmì sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní a kì í gé orúkọ ọmọ ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe, tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1852, ní àmì lábẹ́ lẹ́tà. Kí ló dé tí fọ́ǹtì òde òní kò ní in? Ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ti fàyè gba ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó ya fọ́ǹtì náà ni kò yà wọ́n. Bó bá jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ènìyàn wò, níbo ni yóò ti rí ẹ?

Mo wá fọ́ǹtì mìíràn tó ní àmì, mo fi tẹ gbogbo inú ìwé náà. Àmọ́ mo fi fọ́ǹtì àtijọ́ yẹn sílẹ̀ fún orúkọ Bàbá àgbà níwájú ìwé. Nígbà tí ẹ̀dà igba dé láti ilé ìtẹ̀wé, mo mú bírò dúdú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí i, ti orí àti ti abẹ́. Kò pẹ́ tí bàbá mi jókòó tì mí. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú bírò tiwọn.

Màmá àgbà ti kó àwọn ìwé tí Bàbá àgbà tẹ̀ nígbà ayé wọn fún mi. Mo ti ń wò wọ́n láti fi ya fọ́ǹtì tèmi lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ni lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ yà.