Táyà Wo Ni Ó Yẹ Ọkọ̀ Ẹrù Yín?

Ẹ̀yin aya ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa bi ara wọn pé kí ni ó kan obìnrin nínú ọ̀ràn táyà. Bí ọkọ̀ ilé yín kò bá kúrò lójú ọ̀dà rí, ẹ lè ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí pikọ́ọ̀pù ń bá yín kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó tàbí gààrí láti abúlé wá sí ọjà, tí ẹ sì máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọmọ lórí itan, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Owó táyà mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré. Inú àpò kan náà tí a ti ń mú owó ilé-ìwé ni ó ti ń jáde.

Nígbà tí táyà ọkọ̀ wa pá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2023, onítáyà kan ní Àkúrẹ́ gbé oríṣi méjì síwájú èmi àti ọkọ mi. Èkíní ni táyà ẹrọ̀fọ̀, tí wọ́n ń pè ní M/T. Èkejì ni táyà gbogbo-ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní A/T. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ojú wọn, ẹ kò ní í ṣì wọ́n mú. Eyín táyà ẹrọ̀fọ̀ tóbi, wọ́n ga, wọ́n sì jìnnà síra bí eyín ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Àlàfo yìí gan-an ni agbára rẹ̀. Bí táyà ti ń yí, eyín yóò wọ inú ẹrọ̀fọ̀ lọ, yóò sì ju amọ̀ tó há sí àlàfo náà dànù kí ó tó tún kan ilẹ̀. Táyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Amọ̀ yóò dí i, yóò sì máa yọ̀ bí ẹni tẹ ọṣẹ. Táyà gbogbo-ọ̀nà wà láàárín: eyín rẹ̀ sún mọ́ra ju ti ẹrọ̀fọ̀ lọ, àlàfo rẹ̀ sì ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ.

Lójú ẹsẹ̀ ni ọkọ mi nífẹ̀ẹ́ sí táyà ẹrọ̀fọ̀. (Ọkùnrin àti ohun tó bá tóbi!) Kò sì jẹ̀bi, nítorí amọ̀ pupa ọ̀nà oko wa lẹ́yìn Ìdànrè, bí òjò bá rọ̀ sí i, a máa dá ọkọ̀ dúró gbọnin. Mo ní, “Bàbá Fúnmi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ìrìn wa ná.” A kà á. Kìlómítà mẹ́fà péré ni ọ̀nà amọ̀. Ojú ọ̀dà ni gbogbo ìyókù títí dé ọjà. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ọ̀nà amọ̀ ọ̀hún pàápàá a máa le bí òkúta. Nínú òjò gan-an, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó ń bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, orí ọ̀dà ni táyà ẹrọ̀fọ̀ ti ń jẹni níyà. Nítorí àlàfo eyín rẹ̀, rọ́bà díẹ̀ ni ó ń kan ilẹ̀, nítorí náà bí ọ̀dà bá tutù, ó máa ń pẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ẹ wá ronú ọkọ̀ tó kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nínú òjò, tí ọmọdé kan sì sáré bọ́ sójú títì. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń yára jẹ lórí ọ̀dà gbígbóná, ó ń mu epo sí i, ó sì ń hó bí oyin inú ihò igi. Aládùúgbò wa kan tó lò ó sọ pé ọmọ ọwọ́ òun kì í lè sùn nínú ọkọ̀ mọ́.

Táyà gbogbo-ọ̀nà ni a rà. Ní ọjọ́ tí ẹrọ̀fọ̀ bá pọ̀ jù, ìdajì ẹrù ni à ń kó, a ó sì rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́bìrì àti pákó méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo. Fọkanáísà wa kọ́ wa pé bí a bá dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, yóò tẹ́ sílẹ̀, yóò sì di amọ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfìfo ni à ń ṣe é fún, a kò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀dà kí a tó fẹ́ ẹ padà, nítorí táyà rírọ̀ tó ń sáré lábẹ́ ẹrù yóò gbóná títí yóò fi bẹ́.

N kò sọ pé táyà ẹrọ̀fọ̀ burú o. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti inú oko gẹdú tàbí oko ọ̀pẹ, tí kì í fojú kan ọ̀dà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ rà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹ fi ti ẹrọ̀fọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fi òmíràn síwájú, nítorí iwájú àti ẹ̀yìn kò ní í di ọ̀dà mú bákan náà ní kọ́nà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ ka ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí 265/70R16 112, 265 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 16 ni ìwọ̀n irin rẹ̀ ní íǹṣì, 112 sì ni nọ́ńbà ẹrù: kìlógíráàmù 1,120 ni táyà kan lè rù. Àwọn tó ń tà á kì í sábà mẹ́nu ba nọ́ńbà ìkẹyìn yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni olórí fún ọkọ̀ ẹrù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Bí ẹ kò bá rí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí táyà: 3523 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2023. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, tí eyín rẹ̀ yóò sì ga bíi ti tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi ń sá fún táyà tòkúnbọ̀, tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa tilẹ̀ kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá fún wa tó ti pé ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn tó ń dán bíi dígí. Iye rẹ̀ kò tó ìdajì tuntun. Mo fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e padà.

Ẹ má gbàgbé ìkarùn-ún, èyí tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀. Ògbólógbòó kan ni ọkọ mi fẹ́ fi síbẹ̀. Owó àjọ mi ni mo fi kún un tí a fi ra èyí tó bá mẹ́rin yòókù dọ́gba.