Káàdì Mi Wà Nínú Abọ́ Ike

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà ìsinmi tó kọjá, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ ni.

Màmá mi ń ránṣọ ní Mushin. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Yaba máa ń gbé aṣọ fún un, èmi ni mo sì máa ń bá a gbé e lọ tí ó bá ti rán an tán. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, mo wọ dánfó ní Ojúwòyè dé Ojúẹlẹ́gba, mo wọ òmíràn dé Yaba. Aṣọ mẹ́fà ló wà nínú báàgì tí mo gbé dání.

Ní géètì, sikiọ́ríìtì bi mí pé, "Ta lo wá rí?" Mo dárúkọ àǹtí tí ó ni aṣọ. Ó ní, "Káàdì ẹ dà?" Káàdì ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni mo ní. Ó gbà á, ó wò ó fìrí, ó jù ú sínú abọ́ ike kan lórí tábìlì. Ẹ ò rí nǹkan nínú abọ́ yẹn! Láísẹ́ńsì awakọ̀, káàdì ìdìbò, bébà NIN tí wọ́n fi ike bò, gbogbo wọn wà níbẹ̀ wọ́n gorí ara wọn bí ẹja tútù. Ó wá fún mi ní nọ́ńbà àlejò, 14 ni tèmi, ó sì na ìwé ńlá kan sí mi pé kí n kọ orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ẹni tí mo wá rí àti aago tí mo dé.

Mi ò ní fóònù, nọ́ńbà màmá mi ni mo kọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ojú mi ń lọ sókè. Àwọn èèyàn méje ló wà lórí mi lójú ewé náà, orúkọ wọn ní kíkún pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Obìnrin kan tiẹ̀ kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ àti òpópónà rẹ̀ ní Surulere, lẹ́tà rẹ̀ rẹwà gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi kà á tán. Kò sẹ́ni tó ní kí n má wò.

Mi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú lókè. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ẹni tó gba káàdì mi ti lọ jẹun, ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀. Mo dá nọ́ńbà 14 padà. Ó tọwọ́ bọ inú abọ́, ó fún mi ní ọ̀kan, ó ní, "Ó yá, máa lọ." Òjò ti ṣú, mo ti sọ ọ́ sápò kí n tó wò ó.

Ìgbà tí mo fẹ́ mú owó fún kọ̀ndọ́kítọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba ni mo rí i pé kì í ṣe tèmi. Bébà NIN ni. Àwòrán obìnrin kan wà lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà 11 yẹn. Mo ka orúkọ náà, ara mi sì tutù. Obìnrin Surulere inú ìwé nì ni! Ẹ bá mi rò ó. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo kúrò ní géètì yẹn, èmi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lásán ti mọ ojú obìnrin tí mi ò bá sọ̀rọ̀ rí, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, mo mọ ilé tó ń gbé, NIN rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ká ní èmi ni gbájúẹ̀ ńkọ́?

Kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn pé kí n máa lọ sílé, kí n dá a padà lọ́jọ́ mìíràn. Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò ju owó ọkọ̀ dé Mushin lọ. Àmọ́ káàdì tèmi náà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Mo bá fẹsẹ̀ rìn padà, mo gba Tejúoṣó, òjò ń pa mí.

Obìnrin náà ṣì wà ní géètì. Iṣẹ́ ló wá wá, fáìlì rẹ̀ wà nínú náílọ́nù, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ti fún un ní káàdì rẹ̀, kó lọ wo inú báàgì rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo na bébà náà sí i, ó gbà á, ó fi mọ́ àyà. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan:

"Àbúrò, ṣé o ò yà á ní fọ́tò?"

Mo ní, "Rárá mà, mi ò ní fóònù."

Ó wò mí títí. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ kò sí bó ṣe máa mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí dòní. Bébà rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò bá a padà. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nọ́ńbà NIN náà rí bẹ́ẹ̀.

Káàdì tèmi? Ìsàlẹ̀ abọ́ ló wà, láísẹ́ńsì ẹnì kan ló bò ó mọ́lẹ̀.

Mi ò dá sikiọ́ríìtì náà lẹ́bi pátápátá. Bí kọ̀ǹpútà kan bá sọnù lókè, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Èkó nìyí, kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn gbayawu fún ẹni tí kò mọ̀. Láyé àtijọ́ náà, oníbodè wà lẹ́nu ibodè ìlú, ó ń bèèrè ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ó lè wo ilà ojú rẹ kó fi mọ ọmọ ibi tí o jẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí o bọ́ ilà náà sílẹ̀ fún òun títí o fi máa ṣe tán. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a wo nǹkan àti kí a gbà á pa mọ́. Àbí olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mú káàdì ayédèrú wá sínú abọ́ yẹn ni? Ká ní wọ́n pe àǹtí tí mo wá rí kó sọ̀kalẹ̀ wá mú mi, ìyẹn ìbá dáàbò bo ilé iṣẹ́ náà ju káàdì mi lọ.

NIN kì í ṣe nǹkan ìṣeré mọ́. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí oníkálukú so ó mọ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Báǹkì ń bèèrè rẹ̀. Àwa tí a ń múra JAMB náà mọ̀ pé a ò lè forúkọ sílẹ̀ láìsí i. Òfin sì wà tó dáàbò bo irú nǹkan báyìí. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a gbọ́dọ̀ dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu tún fọwọ́ sí òfin tó dá lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni nípa ẹni. Òfin yẹn ní kí ẹni tó ń gba ìsọfúnni ọmọlàkejì gba ìwọ̀nba tó nílò nìkan, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó má sì fi í pa mọ́ kọjá ìgbà tó wúlò. Ẹ wá fi abọ́ ike yẹn wé e.

Ṣùgbọ́n kí a tó bú ilé ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí, mo lọ sí géètì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìwé àlejò wà lórí bẹ́ǹṣì, bírò tí wọ́n fi okùn so wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Nọ́ńbà àwọn òbí wa láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa ti lanu.

Mo ń fi ọ̀wọ̀ bẹ ọ̀gá àgbà wa: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí bàbá géètì máa fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, kí ìwé náà máa kọjú sí wọn, kí wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Bí wọ́n bá fẹ́ rí káàdì, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n dá a padà lójú ẹsẹ̀. Kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì kan, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí ẹni tí ẹ wá rí jáde wá pàdé yín. Tí wọ́n bá gba káàdì yín dandan, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kúrò ní géètì. Tí ẹ bá sì rí i pé ti ẹlòmíràn ni, kódà kí òjò máa rọ̀, ẹ padà.