Ìwé Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mi

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, n kò rà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ta mí lọ́rẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ SS2 kan tí ó ń kà á lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní àrànmọ́. Mo ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì títí aago fi lù. Mo tún bu ẹ̀tẹ́ lù ú, mo ní ìwé eré ni ó ń kà, pé irú rẹ̀ kò mú ẹnikẹ́ni yege rí nínú ìdánwò WAEC. "Ẹ jọ̀ọ́, sà" nìkan ni ọmọ náà wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí ìwé ọ̀hún kí n lè mọ ohun tí n ó bá òbí rẹ̀ sọ. Ojú ewé bíi mẹ́wàá péré ni mo ní lọ́kàn. Iná lọ, ìyàwó mi sùn, mo tan fìtílà, n kò sì gbé ìwé náà kalẹ̀ títí àkùkọ fi kọ.

Àkọlé rẹ̀ ni Mr. Penumbra's 24-Hour Bookstore. Robin Sloan, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 2012. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clay Jannon nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, ó wá rí iṣẹ́ òru ní ilé ìtàwé kan ní San Francisco. Ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ga fíofío débi pé orí àkàbà ni wọ́n ti ń mú ìwé. Díẹ̀ ni ẹni tí ń ra ìwé níbẹ̀. Àwọn àjèjì kan, tí ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, a kàn sáré wọlé lóru, wọn a dá ìwé ńlá kan padà, wọn a sì yá òmíràn. Wọ́n kìlọ̀ fún Clay pé kò gbọdọ̀ wo inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Tirẹ̀ ni kí ó kọ ìrísí ẹni tí ó wá àti aṣọ tí ó wọ̀ sílẹ̀. Ta ni wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní wò ó? Ó wò ó. Lẹ́tà tó tò gbọọrọ láìnítumọ̀ ni ó bá níbẹ̀.

N kò ní í tú èyí tó kù. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹgbẹ́ awo kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé wọ́n gbé e dé Google, àti pé orúkọ Aldus Manutius ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ awo yẹn, àròsọ ni, ṣùgbọ́n ẹni gidi ni Manutius. Atẹ̀wé ni ní ìlú Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì kú ní ọdún 1515. Láti ọdún 1501 ni ó ti ń tẹ iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sí ìwé kékeré tí ènìyàn lè mú rìn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi lẹ́tà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tẹ odidi ìwé. Pẹ̀lú oyè tí mo gbà nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, inú ìwé tí mo pè ní ìwé eré ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí!

Ìwé náà kò ṣàìní àléébù. Ìyà kò jẹ Clay tó. Bí ó bá nílò owó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ olówó wà nítòsí. Bí ó bá nílò ẹ̀rọ, ẹnìkan a ti gbé e dé. Ẹ wo Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Àyà mi a máa já nítorí Lápàdé. N kò bẹ̀rù nítorí Clay lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, mo rántí pé abẹ́ tábìlì ni èmi náà ti ka ìtàn Lápàdé, ní ilé-ìwé girama.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ náà sí yàrá olùkọ́, mo dá ìwé rẹ̀ padà, mo ní kí ó má bínú. Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Sà, ṣé ẹ kà á dé ibi tí wọ́n ti wọ abẹ́ ilẹ̀ ní New York?" Mo ní mo kà á tán. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Penumbra.

Ṣùgbọ́n ojú kíláàsì ni mo ti dójú tì í, kọ̀rọ̀ ni mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Èyí kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé mo ka ìwé náà mọ́jú, mo sì ní kí ó fi Yorùbá sọ ìtàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ dé ibi àwọn ìwé tí Clay kò lè kà, ó dákẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀.

"Ìwé alárokò ni wọ́n," ni ó wí.

Aago lù. Ẹnikẹ́ni kò dìde.